Ewúro, Òróòro, àti Ibà Pọ́njú

Ohun kíkorò ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ikùn ní ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹun yó jù ní ọjọ́ ọdún, tí inú rẹ̀ sì wú, ìyá àgbà yóò ní kí wọ́n fún omi ewúro fún un mu. Bí oúnjẹ kò bá wu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, ọbẹ̀ ewúro tí a kò fọ̀ jù ni a óò gbé ka iwájú rẹ̀. Àwọn àgbà sì máa ń wí pé kíkorò ni ewúro ń korò kí ó tó dùn. Nínú gbogbo èyí kò sí àṣìṣe. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tí a bá ti mú ohun tí ó dára fún oúnjẹ tí kò dà, tí a sì sọ ọ́ di oògùn ojú tí ó pọ́n bí ìyeyè. Ó tọ́ kí gbogbo ilé máa jẹ ewúro, kí wọ́n sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá a. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí funfun ojú rẹ̀ bá ti yí padà di àwọ̀ ìyeyè, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ, kì í ṣe ìdí ìkòkò àgbo.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òróòro jẹ́. Kò sí ẹni tí ó ti pa ewúrẹ́ tàbí adìyẹ rí tí kò mọ̀ ọ́n. Àpò kékeré kan ni, tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, tí omi inú rẹ̀ ní àwọ̀ bí ewé. Alápatà a máa fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gé e kúrò, nítorí bí ó bá fọ́ sí ara ẹran, ìkorò rẹ̀ kì í tètè ṣeé fọ̀ kúrò. Nítorí ìkorò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé ìdọ̀tí ara ni òróòro, tàbí pé oró ni, tí ó yẹ kí a máa fi àgbo fọ̀ dànù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Àpò náà kàn ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà a máa ṣe òróòro tí ó tó ìdajì lítà sí lítà kan. Àpò tí ń tọ́jú rẹ̀ kò sì gbà ju nǹkan bí ṣíbí ìrotíì mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ.

Iṣẹ́ tí òróòro ń ṣe dàbí iṣẹ́ ọṣẹ. Bí obìnrin bá fẹ́ fọ ìkòkò tí epo pupa ti lẹ̀ mọ́, omi nìkan kò lè ràn án lọ́wọ́. Ọṣẹ ni ó ń tú epo ká sí wẹ́wẹ́ kí omi tó lè gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òróòro ń tú epo inú oúnjẹ ká nínú ìfun kí ara tó lè fà á mu. Ẹni tí òróòro rẹ̀ kò dé inú ìfun lè máa jẹ epo pupa ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, síbẹ̀ ara rẹ̀ kì yóò rí fítámì A tí ó wà nínú epo náà gbà bí ó ti yẹ. Nígbà tí oúnjẹ ọlọ́ràá bá sì wọ inú ìfun, ìfun a ránṣẹ́ sí àpò òróòro nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, àpò náà a sì fún ara rẹ̀ pọ̀, a tú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1928 ni Ivy àti Oldberg, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, fi ìránṣẹ́ náà hàn fún aráyé. Nígbà tí òróòro bá sì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, ara kì í dà á nù. Bí a bá pín iyọ̀ inú rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, nǹkan bí márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni ìfun ń gbà padà, tí ó ń dá padà fún ẹ̀dọ̀ láti tún lò. Ohun tí Ẹlẹ́dàá ń ṣọ́ lò tó báyìí, a kò lè pè é ní ìdọ̀tí.

Ibòmíràn ni àwọ̀ òróòro ti wá. Hóró pupa tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í gbé ayé ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Bí ó bá gbó, ara a tú u palẹ̀, àwọ̀ kan tí ó pọ́n bí ìyeyè a sì ṣẹ́ kù. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń gba àwọ̀ yìí tí ó ń dà á sínú òróòro. Òróòro ń gbé e gba inú ìfun jáde, òun ni ó sì ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, yóò hàn nínú ojú, yóò sì máa gba inú ìtọ̀ jáde. Àwọn baba ńlá Yorùbá ṣe àkíyèsí èyí dáadáa nígbà tí wọ́n sọ àìsàn náà ní ibà pọ́njú, tàbí pọ́njú-pọ́ntọ̀: ojú pọ́n, ìtọ̀ sì pọ́n. Orúkọ rere ni, nítorí ó ka àmì méjì nínú mẹ́ta. Àmì kẹta tí orúkọ náà kò dá ni àwọ̀ ìgbẹ́, àmì yìí sì lè jẹ́ èyí tí ó lágbára jù lọ nínú wọn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a fi ọlá fún ewé tí ọlá yẹ fún. Ahọ́n ènìyàn ní nǹkan bí 25 oríṣi ẹ̀ṣọ́ tí ń mọ ìkorò. Àwọn onímọ̀ sì ti rí irú wọn nínú ikùn àti nínú ìfun pẹ̀lú. Bí ìkorò bá kan ahọ́n, itọ́ a dà, ikùn a sì mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ̀. Ẹranko pàápàá mọ èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ní Òkè Mahale ní ilẹ̀ Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde rí abo inàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá, tí ó ń bó èèpo ẹ̀ka ewúro, tí ó sì ń fa omi kíkorò inú rẹ̀ mu. Inàkí tí ara rẹ̀ dá kì í sábà fọwọ́ kan án. Ní ọjọ́ kejì agbára rẹ̀ ti ń padà bọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ẹranko náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tà á fún un.

Atalẹ̀ ń mú kí èébì rọ̀, àwọn aboyún sì ti fi í gba ìtura. Atalẹ̀ pupa, tí àwọn ará Índíà fi ń kun ọbẹ̀ wọn, ní ohun kan nínú tí à ń pè ní kúrkúmínì. Ní ọdún 1999 àwọn olùwádìí ní Indonesia kéde pé nígbà tí wọ́n fún àwọn tí ara wọn dá ní 20 mílígíráàmù rẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú wọn, wọ́n rí i pé àpò òróòro wọn fún ara rẹ̀ pọ̀. Ní etí Òkun Mẹditaréníà, igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí à ń pè ní atíṣókì. Ewé rẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù máa ń lò fún inú wíwú àti oúnjẹ tí kò dà, nítorí ó ń mú kí òróòro ṣàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ewé kò sọ òtítọ́. Òmíràn nínú àwọn onígbàgbọ́ a sì máa wí pé iṣẹ́ abọ̀rìṣà ni ewé gbogbo. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rántí pé èso ọ̀pọ̀tọ́ ni wòlíì Aísáyà ní kí a fi sí ojú oówo ọba Hesekáyà, Páálù sì ní ìmọ̀ràn fún Tímótì nítorí ikùn rẹ̀. Ewé kò ní ẹ̀sìn. Ohun tí ó yẹ kí a bi í léèrè ni pé: kí ni ó lè ṣe, kí ni kò sì lè ṣe?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ẹni tí ó ń ta àgbo a máa ro ó báyìí pé: òróòro ni ó gun ojú, ohun kíkorò ń lé òróòro, nítorí náà ohun kíkorò yóò wẹ ojú mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò gún. Kí a wo agbo ilé kan tí omi kún inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òjò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó yẹ kí ó máa gbá omi jáde ni àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìtì igi ti dí ojú ṣánṣán tí omi ń gbà lọ. Omi kan náà ni ojú rí, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fà á. Ẹni tí ó bá ń fi ìgbálẹ̀ kan náà ṣe ìtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì wádìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú tí ó pọ́n. Èkíní ni kí hóró ẹ̀jẹ̀ máa bàjẹ́ ju bí ẹ̀dọ̀ ti lè kó o lọ: ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè ṣe èyí, àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde lè ṣe é, àwọn àbùkù ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí a bí mọ́ni sì lè ṣe é. Èkejì ni kí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ máa ṣàìsàn, bóyá nítorí kòkòrò àrùn, bóyá nítorí ọtí, bóyá nítorí oògùn tí a lò ní àlòjù, tàbí nítorí àgbo pàápàá. Ẹ̀kẹta ni kí ọ̀nà òróòro dí, nítorí òkúta tí ó dì sínú àpò rẹ̀ tàbí nítorí kókó búburú. Nínú ti èkíní, kò sí ohun tí lílé òróòro lè mú rọrùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bàjẹ́. Nínú ti èkejì, ẹ̀dọ̀ tí ó ti rẹ̀ ni a tún ń di ẹrù lé lórí. Ti ẹ̀kẹta ni ó burú jù, nítorí ẹni tí ó bá ń ti omi sí ojú ọ̀nà tí ó dí, ìrora àti ewu ni yóò fi kún un. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù, tí wọ́n gba ewé atíṣókì láàyè fún oúnjẹ tí kò dà, fi kìlọ̀ pé ẹni tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ dí tàbí tí ó ní òkúta nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó. Ewé kan náà ni. Ó dára fún ẹnìkan, ó lè pa ẹlòmíràn lára.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní Yúróòpù láyé àtijọ́, wọ́n rí ewéko kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Chelidonium, tí oje rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, wọ́n sì wí pé Ọlọ́run ti fi àwọ̀ yẹn sàmì sí i fún àìsàn ojú pípọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni wọ́n fi ń tọ́jú òróòro. Nígbà tí ó yá, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ènìyàn tí ewéko náà gan-an ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, tí ojú wọn sì pọ́n nítorí oògùn tí wọ́n lò kí ojú má baà pọ́n. Ní ọdún 2008 ìjọba Jámánì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn oògùn tí ó ní púpọ̀ rẹ̀ nínú. Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, èèpo igi awọ́pa tí ó pọ́n rúsúrúsú ni ọ̀pọ̀ ń wá bí ojú bá pọ́n. Bóyá ohun rere wà nínú èèpo náà, àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ igi bá jọ àwọ̀ àìsàn, ìjọra ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹlòmíràn yóò ní, bí oògùn bá jẹ́ oúnjẹ, báwo ni yóò ṣe pani lára? Kí onítọ̀hún gbọ́ èyí. Atalẹ̀ pupa tí a ti yìn lókè, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di oògùn oníhóró tí ó lágbára púpọ̀, ní Ítálì ní ọdún 2019, a rí àwọn ènìyàn tí ẹ̀dọ̀ wọn wú tí òróòro wọn kò sì ṣàn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń lò ó. Díẹ̀ nínú ọbẹ̀ kò pa ará Índíà lára. Púpọ̀ tí a fún pọ̀ sínú hóró kan jẹ́ ohun mìíràn. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù lọ ni ti ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ojú wọn máa ń pọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ wọn kò tíì gbó. Nítorí pé ti ọ̀pọ̀ ń lọ fúnra rẹ̀, àgbo tí a fún wọn ní ọjọ́ wọ̀nyí ni ó ń gba ìyìn. Àmọ́, bí ti ọmọ kan kò bá lọ, àwọ̀ náà a gun ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ náà kì yóò fẹ́ mu ọmú mọ́, yóò máa sùn jù, igbe rẹ̀ yóò yí padà, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ bí ọrun. Bí ó bá yè é, ó lè di adití, ó sì lè jẹ́ pé kì yóò rìn láé. Ọmọ tí a bí ní pípé ni, tí àìsàn ọjọ́ mélòó kan sọ di aláàbọ̀ ara ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ewu yìí tún pọ̀ sí i nítorí àbùkù ẹ̀jẹ̀ kan tí à ń pè ní G6PD, tí ó wà lára nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa fọ́ bí ó bá fi imú gba òórùn káfúrà, ìyẹn hóró funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìyá tí ó kó aṣọ ọmọ pamọ́ fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú káfúrà, tí ó sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kò mọ̀ pé òun ń fi ìfẹ́ ṣe ìkà. Kí a fọ aṣọ ọmọ, kí a sá a sí oòrùn, kí káfúrà má ṣe wọ inú rẹ̀ rárá.

Ìwòsàn wà fún àìsàn yìí, ìmọ́lẹ̀ sì ni. Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean Ward, tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, máa ń gbé wọn jáde sínú oòrùn. Ó fi ọmọ kan han dókítà, tí ara rẹ̀ ti mọ́ níbi tí oòrùn ti dé, tí ó sì pọ́n síbẹ̀ níbi tí aṣọ bò. Láti inú àkíyèsí obìnrin yìí ni iná aláwọ̀ búlúù tí ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ti jáde wá. Ní ọdún 1958 ni a kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní ọdún 2015 a kéde ìwádìí kan tí a ṣe ní Èkó, níbi tí a ti fi ọ̀rá àkànṣe sẹ́ oòrùn kí ooru àti ìtànṣán búburú rẹ̀ má baà pa ọmọ lára. Àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ rí ìwòsàn bí àwọn tí ó wà lábẹ́ iná. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ wọn, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Kí ìyá tẹ́ ọmọ sí ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Àgbo tútù kò sì lè ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ọmú ìyá nìkan ni ó yẹ ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Omi àgbo tí a bá dà sí i lẹ́nu ń gba àyè ọmú nínú ikùn kékeré náà.

Nígbà náà ni a óò padà sí àmì kẹta tí orúkọ pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò dá. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá tí ojú ọmọ ṣì pọ́n, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ẹfun tàbí bí amọ̀ gbígbẹ, òróòro rẹ̀ kò dé inú ìfun ni. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí tí ọ̀nà òróòro wọn ti bàjẹ́. Iṣẹ́ abẹ kan wà fún wọn tí Morio Kasai ní Japan kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1959. Ìrètí rẹ̀ sì pọ̀ jù bí a bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́. Kí a wá ro iye ọjọ́ tí ń ṣòfò nígbà tí a bá ń ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wé-ọmọ kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Ìyá tí ó bá ń wo ìtẹ́dìí ọmọ rẹ̀ dáadáa ju ẹni tí ó gbé ìkòkò àgbo mẹ́wàá kaná lọ. Fún àgbàlagbà náà, bí ojú bá pọ́n, tí ìtọ̀ dúdú bí ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀, tí ìgbẹ́ sì funfun, ọ̀nà dí ni.

Ohun kan tún wà tí ó ń fún àgbo ní òkìkí tí kò tọ́ sí i. Oríṣi àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà tí ó ń wá láti inú omi àti oúnjẹ tí kò mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe ni ó ń sàn fún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà wọ́n lo oògùn tàbí wọn kò lò. Ẹni tí ó bá mu àgbo ní àkókò yìí yóò jẹ́rìí pé àgbo ni ó wo òun. Àwọn tí irú àrùn mìíràn ń ṣe, tí wọ́n mu àgbo kan náà tí wọ́n sì kú, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀rí wọn, nítorí òkú kì í dìde ní àárín ìjọ láti jẹ́rìí.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìfẹ́ ẹ̀dọ̀ ni ó wà lọ́kàn ẹni, nínú abà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nínú ìgò. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí a kó pamọ́ kí wọ́n tó gbẹ a máa hu èbu, èbu kan sì wà nínú wọn tí oró rẹ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀. Ní ọdún 1960 ni oró yìí kọ́kọ́ hàn, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòlótòló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀pà lílọ̀. Ní ọdún 2004, ní ilẹ̀ Kenya, 317 ènìyàn ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn nítorí àgbàdo tí ó hu èbu, 125 nínú wọn sì kú. Ojú pípọ́n wà lára àmì àìsàn wọn. Sísè kì í pa oró náà. Kí àgbẹ̀ sá àgbàdo rẹ̀ lórí àkéte tàbí ọ̀rá, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán. Kí ó gbẹ títí hóró rẹ̀ yóò fi máa dún bí ó bá mì ín. Kí ó ṣa èyí tí ó dúdú tàbí tí ó hu kúrò, kí ó má sì fi í ṣe ògì fún ọmọ tàbí oúnjẹ fún adìyẹ. Kí ó sì rí i pé a gún ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ B láàárín wákàtí 24 tí a bí i. Ohun méjì yìí yóò ṣe ẹ̀dọ̀ ní àǹfààní ju gbogbo ohun kíkorò tí a ń kiri ní ibùdókọ̀ lọ.

Ní ti ohun tí a ń kiri yìí, àgbo ayé àtijọ́ kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Àgbà tí ó mọ ewé a máa mọ ẹni tí ó fún, a mọ iye ife tí ó bù, a sì mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Nísinsìnyí a ń fi ògógóró rẹ èèpo tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a ń tà á fún awakọ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, a sì ń wí pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn ríro àti ojú pípọ́n pọ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí ó tún ń mu ọtí líle nítorí pé ewé wà nínú rẹ̀, ń fi epo pa iná ni. Kí ẹni tí ó mọ̀wé kà máa ka ara ìgò kí ó tó rà á. Yóò rí i lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní lẹ́tà kékeré, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn náà ń sọ wò.

Síbẹ̀ ẹ̀bi kò wà lọ́rùn alágbo nìkan. Àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ líle lé aláìsàn sẹ́yìn bí ó bá jẹ́wọ́ pé òun ti mu àgbo. Ẹni tí a bá bú báyìí lónìí yóò purọ́ ní ọ̀la, dókítà yóò sì fún un ní oògùn tí kò bá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mu. Kí a bi aláìsàn léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ohun tí ó mu, kí òun náà sì sọ òtítọ́, àní kí ó mú ìgò náà dání. Ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn, owó sì ṣọ̀wọ́n; èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a ná lórí ìgò mẹ́wàá tí kò ṣiṣẹ́ ti lè gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ kìíní.

Àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyí yẹ fún gbogbo ilé láti há sórí. Èkíní, fún inú wíwú díẹ̀ àti oúnjẹ tí kò tètè dà, ewúro, atalẹ̀ àti sùúrù tó. Èkejì, ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n ní ọjọ́ tí a bí i, tàbí tí kò fẹ́ mu ọmú mọ́, kò gbọdọ̀ sun ilé mọ́jú. Bí awọ ara rẹ̀ bá dúdú, inú funfun ojú àti èrìgì rẹ̀ ni kí a wò ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ̀kẹta, ìgbẹ́ funfun kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, fún ọmọdé tàbí fún àgbà. Ẹ̀kẹrin, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ibà ń ṣe, tí inú ọ̀tún sì ń ro ó lábẹ́ ìhà, kí ó lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀karùn-ún, ohunkóhun tí a bá mu, kí a sọ ọ́ fún ẹni tí ń tọ́jú ni.

Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ewúro yóò máa hù lẹ́yìnkùlé, ọbẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa dùn. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí a gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lórí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni lílé òróòro kì í ṣe oògùn gbogbo ojú tí ó pọ́n. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì yóò jẹ oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, yóò sì tètè mú ọmọ rẹ̀ dé ibi tí ìwòsàn wà.